Ohun tí London dà nù, Jos ló bá wọn tọ́jú ẹ̀

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Jos, kó mú ẹ̀wù òtútù dání o. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, kó mú méjì. Ní Akwanga, ooru á ṣì máa mú èrò ọkọ̀, onímọ́tò á ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Àfi bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Hawan Kibo. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọ̀nà á máa lọ́ bí ejò, afẹ́fẹ́ á sì yí padà lójijì. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn á ti máa wá aṣọ bo ọmọ wọn. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ìlú, wọ́n á rí àwọn òkúta Riyom lẹ́bàá títì, tí ọ̀kan gun orí èkejì bí ẹni pé òmìrán ló tò wọ́n síbẹ̀ tó gbàgbé láti wá kó wọn.

Orí òkè ni Jos wà. Ó fi bíi mítà 1,200 ga ju etí òkun lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dùnkún òyìnbó fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ìdí náà sì nìyẹn tí àwọn òyìnbó tó wá wa kùsà tíìnì láyé àtijọ́ fi fẹ́ràn ibẹ̀ bí ilé. Kì í ṣe ìlú àjèjì sí ọmọ Yorùbá náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ti ń ná ọjà ibẹ̀, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí iná jó ọjà ńlá Jos ní ọdún 2002, ẹkún tí wọ́n sun dé ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà la bá dé yìí. Ọ̀rọ̀ agolo fíìmù ni, èyí tó wà nínú yàrá ẹrù kan ní Jos fún ọ̀pọ̀ ọdún tí eruku bò ó, tí ẹnikẹ́ni ò bìkítà fún. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i, ariwo ta láti Jos dé London, ó dé Amẹ́ríkà, ó dé Ọsirélíà.

WỌ́N FI ỌWỌ́ ARA WỌN PA Á RẸ́

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ilé iṣẹ́ BBC ní London bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n pè ní Doctor Who. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń fi àpótí aláwọ̀ búlúù ti ọlọ́pàá rìnrìn àjò káàkiri. Lónìí ó wà nínú ayé àtijọ́, lọ́la ó wà nínú ìràwọ̀ kan lókè réré, iwin àti àǹjọ̀nú ló sì ń bá jà níbi gbogbo. Ẹni tó bá ti ka ìwé D. O. Fágúnwà kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ náà ni, ọ̀nà tí oníkálukú gbà rìn ló yàtọ̀.

Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn eré náà débi pé ọmọdé a máa sá sẹ́yìn àga bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọn ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni pa tẹlifíṣọ̀n. Láàárín ọdún 1963 sí 1969, apá 253 ni wọ́n ṣe, dúdú àti funfun ni gbogbo ẹ̀.

Ó dáa, kí ni BBC wá fi eré tí gbogbo ayé fẹ́ràn yìí ṣe? Wọ́n pa á rẹ́ ni o. Láti ọdún 1967 títí di 1978, wọ́n ń nu tépù rẹ̀, wọ́n ń gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Àwọn ẹ̀dà tó wà lórí fíìmù náà, wọ́n ń kó wọn dà nù.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì bú wọn o. Ẹni tó bá ti ní kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nílé rí mọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Á gba orin Àyìnlá Ọmọwúrà sí i lónìí. Tó bá dọ̀la, tí Yusuf Ọlátúnjí bá gbé àwo tuntun jáde, tí kò sì sí owó kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, á gba ti Yusuf lé ti Àyìnlá lórí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe rí. Tépù ńlá tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò nígbà yẹn gbówó lórí gan-an, wọ́n sì lè lò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré wọn náà ní àdéhùn tí kò jẹ́ kí wọ́n lè máa ṣe eré kan náà lásọtúnsọ láìsan owó mìíràn. Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé, wọ́n sì rò pé kò tún sẹ́ni tó máa fẹ́ wo dúdú àti funfun mọ́. Kò tíì sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí ará ilé á rà lọ wò nílé. Wọ́n ní kí làwọn ń kó o jọ fún?

Bí iyán ogún ọdún ṣe ń jóni lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi mọ̀ pé owó àti ìtàn làwọn ń dà nù, ọ̀pọ̀ ti lọ.

ỌMỌ TÍ WỌ́N FI RÁNṢẸ́ SÍ ẸYÌN ODI

Kí ló wá gba ìyókù là? Òwò ni. Òwò tí gbogbo ìyá ọlọ́jà mọ̀ ni.

Kí wọ́n tó nu tépù kan, BBC a máa gbé kámẹ́rà fíìmù síwájú ojú tẹlifíṣọ̀n, a máa ya eré náà sórí fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ oní-mìlímítà 16. Fíìmù tó máa gba apá kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú 25 a máa gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 900 lọ. Wọ́n á ká a rogodo, wọ́n á fi í sínú agolo pẹrẹsẹ bí agolo bisikíìtì, wọ́n á tà á fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ òkèèrè. Bó ṣe dé Ọsirélíà nìyẹn, tó dé Hong Kong, tó dé Nàìjíríà.

Wọn kì í ta agolo náà pátápátá. Ẹ̀tọ́ láti fi í han àwọn ènìyàn ni wọ́n ń tà. Tí ilé iṣẹ́ kan bá ti lò ó tán, ó lè dá a padà sí London, ó lè fi í ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó fẹ́ lò ó, tàbí kó pa á run kó sì kọ̀wé pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ ọmọ aráyé. Tíṣẹ́ bá ti parí, ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀ òfuurufú fún agolo àtijọ́? Wọ́n á ní, “Ẹ gbé e síbẹ̀ ná.” Ibi tí wọ́n gbé e sí náà ló ń wà.

Ó dà bí ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ẹ̀yìn odi. Iná jó ilé bàbá rẹ̀ tán, kò ku ẹnikẹ́ni tó lè sọ bí ilé náà ṣe rí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn odi nìkan ló kù tó lè sọ ọ́.

ÀWỌN TÓ Ń WÁ A

Bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe bọ́ sójú ọ̀nà. Wọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ BBC. Olólùfẹ́ eré ni wọ́n, alákòójọ ni wọ́n, irú àwọn ènìyàn tí aráalé wọn ń sọ pé orí wọn ti yí nítorí fíìmù àtijọ́. Wọ́n ń yẹ ìwé òwò àtijọ́ wò: ìlú wo ló ra kí ni, ọdún wo ni wọ́n rà á, ta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí lẹ́yìn náà. Ibi tí wọ́n sì rí nǹkan sí ń yani lẹ́nu.

Ní ọdún 1983, wọ́n rí apá méjì nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní London. Ní ọdún 1992, odidi ìtàn kan tí apá rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin padà wálé láti Hong Kong. Ní ọdún 1999, apá kan yọ jáde ní New Zealand lọ́wọ́ alákòójọ kan tó rà á níbi ọjà fíìmù àlòkù, tí kò mọ̀ pé òun nìkan ló ní i nínú gbogbo ayé. Ní ọdún 2011, wọ́n kéde apá méjì mìíràn. Ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ní wọn. Níbi ọjà ìkówójọ iléèwé kan ló ti rà wọ́n ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó sì ń tọ́jú wọn sílé jẹ́jẹ́.

Àwọn apá kan wà tí kò sí ẹni tó rí àwòrán wọn mọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn wà. Kò sí apá kan tí wọn ò ní ohùn rẹ̀. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọdé ayé ìgbà yẹn ló gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ní kí màmá wọn má sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè gba eré náà sílẹ̀. Ìjọba ò rán wọn, ilé iṣẹ́ ò san owó fún wọn. Ọwọ́ ọmọdé ló tọ́jú ohun tí àgbà dà nù.

Nàìjíríà náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn ẹ̀dà kan ti Nàìjíríà padà sí London, inú wọn dùn gan-an. Wọ́n rò pé ó tán síbẹ̀.

YÀRÁ ẸRÙ NÍ JOS

Kò tán síbẹ̀ o. Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Philip Morris. Orúkọ ló bá onísìgá jẹ́ pọ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa rìn káàkiri ayé, kó máa wá fíìmù tẹlifíṣọ̀n tó sọnù. Ó dé Áfíríkà, ó ń lọ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Nígbà tó dé Jos, nínú yàrá ẹrù ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń gba ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó sì ń tàn án síwájú, ó rí agolo tó tò sórí pẹpẹ, eruku bò wọ́n. Ó nu eruku kúrò lára ìwé alẹ̀mọ́ tó wà lára ọ̀kan. Ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: Doctor Who.

Apá 11 ni gbogbo ẹ̀. Mẹ́fà jẹ́ ìtàn tí wọ́n ń pè ní The Enemy of the World, èyí tí London fi hàn láti ìparí ọdún 1967 wọ 1968. Márùn-ún jẹ́ The Web of Fear ti ọdún 1968, ìtàn ẹranko onírun tó kún inú ihò rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ London. BBC ti ní ọ̀kan nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, nítorí náà mẹ́sàn-án ló jẹ́ tuntun. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọ́n kéde rẹ̀ fún àwọn oníròyìn ní London. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, apá 106 ni wọn ò rí. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ku 97. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá a, wọ́n ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rí tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó dun àwọn olólùfẹ́ eré náà. The Web of Fear jẹ́ apá mẹ́fà. Ẹ̀kẹta kò sí níbẹ̀. Morris sọ lẹ́yìn náà pé òun fojú òun rí i nígbà tóun kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àmọ́ nígbà tí ẹrù máa fi dé ọ̀dọ̀ òun, ó ti dàwátì. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ alákòójọ kan. Nígbà tí wọ́n máa gbé ìtàn náà jáde, àwòrán tí kò rìn ni wọ́n fi sí ipò apá kẹta, wọ́n sì fi ohùn àtijọ́ bò ó.

Alákòójọ méjì nìyẹn o. Ọ̀kan ń wá ohun tó sọnù kí gbogbo ayé lè rí i. Èkejì ń wá a kí òun nìkan lè ní i. Ẹ̀yin tó ń ta aṣọ òkè àtijọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, ẹ mọ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan á bèèrè ẹni tó hun ún àti ìlú tó ti wá. Èkejì á kàn bèèrè iye tẹ́ ẹ fẹ́ tà á, á ká a sínú báàgì, ó dìgbóṣe.

ÒTÚTÙ JOS ṢE IṢẸ́

Kí ló dé tí fíìmù yìí kò fi bàjẹ́ ní Nàìjíríà? Fíìmù kì í fẹ́ ooru, kì í sì í fẹ́ ọ̀rinrin. Bí méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kíkan bí ẹ̀kọ tó ti kan kọjá bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà á súnkì, á ká kò, á di ohun tí ẹ̀rọ kò lè fi hàn mọ́. Ká ní etí ọ̀sà ní Èkó ni wọ́n gbé agolo wọ̀nyẹn sí ni, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Òkè Jos tutù, kò sì rin gbingbin. Morris fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ipò tí wọ́n wà dára gan-an.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àgbègbè yẹn máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1943, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà tíìnì ní Jema'a, wọ́n rí orí ère amọ̀ kan nínú ilẹ̀. Akọ̀wé ibi ìwakùsà náà gbé e lọ sóko iṣu rẹ̀, ó fi í sórí igi kó máa lé ẹyẹ! Ó tó ọdún kan tí orí náà fi ń lé ẹyẹ kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg ní Jos, ẹni tó mọ ohun tó jẹ́. Ère Nok ni, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó gbé ayé ní ohun tó ju 2,000 ọdún sẹ́yìn. Fagg yìí náà ló dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos sílẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1952. Ohun kan náà ni o: lójú ẹnì kan ó jẹ́ ohun tí a fi ń lé ẹyẹ, lójú ẹlòmíràn ó jẹ́ ìtàn odidi ìran kan.

TIWA Ń KỌ́?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wá kan gbogbo wa. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, WNTV lórúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ka ìwé yìí rántí bí ilé kan tó ní tẹlifíṣọ̀n ṣe ń di ilé gbogbo àdúgbò lálẹ́. Wọ́n rántí Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, wọ́n rántí Dúró Ládipọ̀, wọ́n rántí Hubert Ògúndé. Ọ̀pọ̀ eré ayé ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ náà ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, kò sí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n tún lo tépù náà, bí ti London gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé London ta tirẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ tiwa kò lọ sí ẹ̀yìn odi kankan tí a ó ti lọ mú un wálé.

Ti fíìmù sinimá náà kò yàtọ̀. Nígbà tí Àjàní Ògún jáde ní ọdún 1976, tí Ayé ti Ògúndé jáde ní 1979, tí Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá jáde ní 1982, àwọn tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ojú. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ayédèrú Ọ̀run Móoru tí àwọn olè ṣe jáde ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Bàbá Sàlá di ẹdun arinlẹ̀. Ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí ẹ̀dà pọ̀. Nígbà tí ẹ̀dà ò sì pọ̀, ooru àti ọ̀rinrin ni olè tó kù.

Ìrètí wà ṣá. Fíìmù Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976 láti inú ìwé tí Tafawa Balewa kọ, gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Wọ́n rí i padà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní Jámánì ní ọdún 2018. Ní ọdún 2019, Yunifásítì Jos bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gíga lórí bí a ṣe ń tọ́jú fíìmù, pẹ̀lú yunifásítì kan ní Frankfurt. Jos náà ni ilé ìkófíìmùpamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà, lábẹ́ àjọ Nigerian Film Corporation. Òkè tó tutù tí London ò mọ̀ pé ó ń bá òun tọ́jú ẹrù, òun náà ló yẹ kó máa tọ́jú tiwa.

Ẹ YẸ YÀRÁ ẸRÙ WÒ

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Nínú ilé yín, ẹnì kan lè ti ṣiṣẹ́ ní sinimá rí, tàbí ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tàbí kó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèré kiri. Ó kú, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Agolo pẹrẹsẹ tó ti dípẹtà, tépù ńlá tí kò wọ inú ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí, ẹ má tà wọ́n fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tú fíìmù náà ṣeré. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi í sínú ẹ̀rọ láti dán an wò, nítorí fíìmù tó ti gbó lè já lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ ẹ bá ṣí i tó ń rùn kíkan, ẹ gbé e kúrò lára àwọn yòókù, nítorí àrùn rẹ̀ a máa ran. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ọdún sí ara agolo. Ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, yálà ní Jos ni tàbí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá sún mọ́ yín. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé ẹ̀yin lẹ gbé e wá, kó má baà di ti apá kẹta.

Ẹni tó bá sì mọ ibi tí irú agolo bẹ́ẹ̀ wà, tàbí tó rántí eré àtijọ́ kan dáadáa, orúkọ àwọn tó ṣe é àti ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀, kó kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà. Àwọn ọmọ London tó gba ohùn sílẹ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún kò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá làwọn ń ṣe.